nginx lẹ́nu ọ̀nà IPv4 àti IPv6: ìlà kan ló ń ṣí ilẹ̀kùn, iṣẹ́ wà lẹ́yìn rẹ̀

nginx kì í kọ iṣẹ́. Láti ọdún 2004 tí Igor Sysoev ti gbé e síta ló ti ń dúró lẹ́nu ọ̀nà sáfà káàkiri ayé: á gba àlejò, á wo ibi tó ń lọ, á fà á lé áàpù tó wà lẹ́yìn lọ́wọ́, á sì gbé èsì padà fún un. Iṣẹ́ aṣọ́nà yìí ni wọ́n ń pè ní reverse proxy. Ohun tí a fẹ́ yẹ̀ wò níbí ni bó ṣe ń ṣe é nígbà tí àlejò bá ń gba ọ̀nà méjì wọlé, tí àwọn kan wá lórí IPv4, irú àdírẹ́sì íńtánẹ́ẹ̀tì ti àtijọ́, tí àwọn yòókù wá lórí IPv6, èyí tuntun.

Mẹ́rin nínú márùn-ún la fún un. Ó dúró ṣinṣin, kì í jẹ agbára ẹ̀rọ lájẹjù, àṣẹ rẹ̀ kò sì ṣòro kà. Ohun tó jẹ́ ká mú ọ̀kan kúrò ni pé ó máa ń dákẹ́ níbi tó yẹ kó ti sọ̀rọ̀. Tí ẹ bá gbàgbé IPv6 síbì kan, kò ní bá yín wí, kò ní kọ̀ láti dìde. Àwọn àlejò yín ló máa kọ́kọ́ rí i.

Ìdí tí ọ̀nà méjì yìí fi di dandan kò le láti ṣàlàyé. Bit 32 ni àdírẹ́sì IPv4, gbogbo rẹ̀ kò sì ju nǹkan bíi bílíọ̀nù 4.3 lọ. Ní ọjọ́ 3 oṣù Kejì ọdún 2011 ni IANA, àjọ tó ń pín àdírẹ́sì fún gbogbo ayé, pín èyí tó ṣẹ́ kù lọ́wọ́ rẹ̀ tán. Láti ìgbà náà, ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ fóònù ló ń kó oníbàárà rẹpẹtẹ sẹ́yìn àdírẹ́sì IPv4 ẹyọ kan. Tí ẹ bá dínà mọ́ ẹnì kan nínú wọn, gbogbo wọn lẹ ti dínà mọ́ yẹn. Bit 128 ni IPv6 ní tirẹ̀, ẹni tó bá sì gbà á wá, àdírẹ́sì ara rẹ̀ ló gbé wá.

Ilẹ̀kùn méjì

Nínú server kọ̀ọ̀kan, ìyẹn apá fáìlì ìṣètò tó jẹ́ ti sáìtì kan, ohun tí nginx ń fẹ́ nìyí:

listen 80;
listen [::]:80;
listen 443 ssl;
listen [::]:443 ssl;

Àwọn ìlà tó ní [::] ni ti IPv6. Akọ́mọ yẹn kì í ṣe ẹ̀ṣọ́. Kólóònù ló kún inú àdírẹ́sì IPv6, láìsí akọ́mọ, nginx kò ní mọ ibi tí àdírẹ́sì parí sí àti ibi tí póòtù ti bẹ̀rẹ̀.

Láti ẹ̀dà 1.3.4, [::] kì í gba IPv4 mọ́ra mọ́ àyàfi tí ẹ bá fẹnu ara yín sọ pé kó gbà á. ipv6only=on ló máa ń lò tí ẹ kò bá kọ nǹkan kan. Nínú gbogbo ohun tí nginx ṣe lórí ọ̀rọ̀ yìí, ìpinnu yẹn la fẹ́ràn jù: ilẹ̀kùn kọ̀ọ̀kan dá dúró, àlejò kọ̀ọ̀kan sì ń wọlé pẹ̀lú àdírẹ́sì rẹ̀ gan-an bó ṣe jẹ́.

Ìtọ́nisọ́nà àtijọ́ ṣì pọ̀ nílẹ̀ tó ń sọ pé kí ẹ kọ listen [::]:80 ipv6only=off, kí ilẹ̀kùn kan lè gba méjèèjì. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Tí listen 80 bá ti wà nínú fáìlì mìíràn, àwọn méjèèjì á máa du póòtù kan náà, nginx kò sì ní dìde:

bind() to [::]:80 failed (98: Address already in use)

Bí kò bá tilẹ̀ sí èyí tó ń bá a du ún, gbogbo àlejò IPv4 á máa wọlé pẹ̀lú aṣọ IPv6 lọ́rùn, ::ffff:192.0.2.10 dípò 192.0.2.10. Àṣẹ allow àti deny ti nginx mọ aṣọ yẹn, á wo abẹ́ rẹ̀. Áàpù yín àti irinṣẹ́ tó ń ka àkọsílẹ̀ lè má mọ̀ ọ́n, wọ́n á sì máa ka ẹnì kan sí ẹni méjì. Tí ẹ bá sì fẹ́ yí ipv6only padà lórí ẹ̀rọ tó ti ń ṣiṣẹ́, nginx -s reload kò tó. Ìgbà tó bá ń dìde nìkan ló ń kà á, nítorí náà ẹ ní láti pa á pátápátá kí ẹ tó tún un gbé dìde.

Fún ẹni tó bá ń lo HTTP/3, ẹ̀dà HTTP tó ń gba orí UDP dípò TCP, tó wà nínú nginx láti ẹ̀dà 1.25.0, ìlà quic náà gbọ́dọ̀ jẹ́ méjì, listen 443 quic àti listen [::]:443 quic, kí UDP 443 sì ṣí nínú fáyáwọ́ọ̀lù fún IPv4 àti IPv6.

Ibi tí ó ti ń dákẹ́

Ẹ jẹ́ ká wo àṣìṣe kan ní àwòfín, torí pé òun ló wọ́pọ̀ jù. Sáìtì méjì wà lórí ẹ̀rọ kan, shop.example àti blog.example. DNS, ìwé orúkọ íńtánẹ́ẹ̀tì, ti fún àwọn méjèèjì ní AAAA, ìyẹn àkọsílẹ̀ tó ń tọ́ka sí àdírẹ́sì IPv6. Fáìlì blog ní ìlà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tó wà lókè yìí. Ẹni tó kọ ti shop gbàgbé àwọn ìlà [::].

Àlejò kan wá sí shop lórí IPv6. Kí nginx tó wo orúkọ sáìtì rárá, ó kọ́kọ́ máa wo àdírẹ́sì àti póòtù tí àlejò gbà wọlé, á wá ṣa àwọn server tó ń gbọ́ níbẹ̀. Lórí [::]:443, blog nìkan ló wà. Bí shop tilẹ̀ ni orúkọ tí àlejò dá, kò sí shop nínú àwọn tó ń ṣà, nítorí náà blog ló máa dáhùn, pẹ̀lú ìwé-ẹ̀rí blog. Búráúsà á pariwo pé orúkọ inú ìwé-ẹ̀rí kò bá ti sáìtì mu. Lórí póòtù 80, kò tilẹ̀ ní sí ariwo kankan: ojú-ìwé blog ni ẹni tó wá rajà máa bá níbẹ̀.

Ní gbogbo àkókò yìí, ẹni tó ń lo IPv4 ń rí shop dáadáa. Ẹ sáré nginx -t, á ní syntax is ok, torí pé lóòótọ́ kò sí àṣìṣe nínú bí wọ́n ṣe kọ fáìlì náà. Ibẹ̀ gan-an la ti gba àmì kan lọ́wọ́ rẹ̀. Irú àìdọ́gba báyìí ò ṣòro fún ètò láti rí, ìkìlọ̀ ìlà kan ì bá sì ti gba ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́wọ́ wàhálà.

Níwọ̀n bí kò ti ní kìlọ̀, ẹ fi ojú ara yín wò ó:

nginx -T | grep -nE 'server_name|listen'

Àṣẹ yìí á kó gbogbo fáìlì ìṣètò jọ, á sì mú orúkọ àti ilẹ̀kùn nìkan jáde. Server tí listen rẹ̀ kò bá ní èkejì tó ní [::] á hàn lójú ẹsẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ gbé aṣọ́nà kan síbẹ̀ tí yóò máa lé àlejò tí kò bá mọ ilé padà, dípò kí wọ́n máa ya ilé onílé:

server {
    listen 443 ssl default_server;
    listen [::]:443 ssl default_server;
    ssl_reject_handshake on;
}

ssl_reject_handshake wà láti ẹ̀dà 1.19.4. Kò nílò ìwé-ẹ̀rí kankan. Á já ìbánisọ̀rọ̀ náà kí ó tó bẹ̀rẹ̀. Pẹ̀lú èyí, shop tí ẹ gbàgbé á kùnà lórí IPv6 ní gbangba, ẹ ó sì tètè mọ̀.

Let's Encrypt, tó ń fún sáìtì ní ìwé-ẹ̀rí lọ́fẹ̀ẹ́, wà lára àwọn tí àìdọ́gba yìí máa ń dà láàmú. Tó bá ti rí AAAA, IPv6 ló máa kọ́kọ́ gbà wá yẹ sáìtì wò lórí póòtù 80. Bí ọ̀nà IPv6 bá kú pátá, á padà gbìyànjú IPv4. Àmọ́ tí blog bá dá a lóhùn pé 404, ó ti rí ìdáhùn nìyẹn, kò ní wá òmíràn lọ. Ìwé-ẹ̀rí shop kò ní tún ṣe, ẹni tó ni ín á sì máa yẹ ọ̀nà IPv4 wò láìrí àléébù kankan níbẹ̀.

Àṣìṣe kejì kò wọ́pọ̀ tó yẹn, ṣùgbọ́n ìgbà tí ẹ̀rọ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ tàn ló máa ń yọjú, tí kò sẹ́ni tó ń wò ó. Ẹni tó kọ àdírẹ́sì IPv6 kan pàtó sínú listen, bíi [2001:db8::10]:443, lè bá èyí nínú àkọsílẹ̀:

bind() to [2001:db8::10]:443 failed (99: Cannot assign requested address)

Kí Linux tó jẹ́ kí ètò kankan lo àdírẹ́sì IPv6 tuntun, ó máa ń kọ́kọ́ bèèrè lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bóyá ẹlòmíràn ti ń lò ó. Tí nginx bá dìde kí ìdáhùn tó dé, àdírẹ́sì náà kò tíì ṣeé lò. Ẹ lo [::] tí kò bá sí ìdí pàtàkì láti dá àdírẹ́sì kan yà sọ́tọ̀. Tí ìdí bá wà, ẹ fi net.ipv6.ip_nonlocal_bind=1 sínú sysctl, ìṣètò Linux.

Láti ẹnu ọ̀nà dé ọ̀dọ̀ áàpù

Ibi tí nginx ti gba ìyìn jù lọ́wọ́ wa nìyí: áàpù ẹ̀yìn kò nílò láti mọ̀ pé IPv6 wà láyé. Àlejò lè gba IPv6 wọlé, kí nginx sì bá áàpù sọ̀rọ̀ lórí 127.0.0.1, àdírẹ́sì IPv4 tí ẹ̀rọ fi ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀. Áàpù tí wọ́n ti kọ tipẹ́, tí kò sẹ́ni tó fẹ́ fọwọ́ kàn án mọ́, á di ohun tí àwọn oní-IPv6 lè dé láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan, láì yí ohunkóhun padà nínú rẹ̀.

Ẹ kọ nọ́ńbà o, ẹ má kọ localhost. Lórí ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ, orúkọ yẹn dúró fún ::1 (ti IPv6) àti 127.0.0.1 pọ̀. nginx á kó àwọn méjèèjì, á sì máa lò wọ́n ní yípo-yípo. Bó bá jẹ́ 127.0.0.1 nìkan ni áàpù ń gbọ́ lórí rẹ̀, ẹ ó máa rí i nínú àkọsílẹ̀ àṣìṣe pé connect() failed (111: Connection refused), pẹ̀lú [::1]:3000 níwájú rẹ̀. Sáìtì kò ní kú, torí nginx á sáré lọ sí èkejì, ìdí sì nìyẹn tí ọ̀pọ̀ èèyàn kì í fi í kà á sí. Ìdàkejì rẹ̀ náà ń ṣẹlẹ̀. Láti ẹ̀dà 17 Node.js, tí wọ́n fi ń kọ áàpù JavaScript, áàpù tí ẹ bá ní kó gbọ́ lórí localhost lè mú ::1 nìkan, 127.0.0.1 á sì di ibi tí kò sí ẹnikẹ́ni. Ẹ sọ fún áàpù pé kó gbọ́ lórí 127.0.0.1, kí ẹ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ sínú proxy_pass, ọ̀rọ̀ á tán.

Tí áàpù bá wà lórí ẹ̀rọ mìíràn tí ẹ ń fi orúkọ pè, ẹ ní láti ṣọ́ra. Búráúsà ní ọgbọ́n kan tí wọ́n ń pè ní Happy Eyeballs, tó wà nínú RFC 8305 ti ọdún 2017: tí ọ̀nà kan bá ń fà, kò ní dúró dè é ju nǹkan bí ìdá mẹ́rin ìṣẹ́jú-àáyá kan lọ kó tó na ọwọ́ sí èkejì. nginx kò ní ọgbọ́n yẹn. Tí orúkọ náà bá ní AAAA tí ọ̀nà rẹ̀ ti bàjẹ́, tí páákẹ́ẹ̀tì kàn ń sọnù sínú òkùnkùn, 60 ìṣẹ́jú-àáyá ni proxy_connect_timeout máa fi dúró kó tó lọ gbìyànjú IPv4. Àlejò wo ló máa dúró bẹ́ẹ̀? Ẹ dín in kù sí 3s. Tí ẹ bá sì mọ̀ pé sáfà yín kò ní ọ̀nà IPv6 jáde, ẹ sọ fún nginx pé kó má wá a rárá:

resolver 192.0.2.53 ipv6=off valid=30s;
set $eyin api.example;
proxy_pass https://$eyin;

Nínú proxy_pass báyìí, ìgbà tí orúkọ bá wà nínú oníyípadà bíi $eyin yìí nìkan ni nginx ń lo resolver, ìyẹn sáfà DNS tí ẹ yàn fún un. Bí ẹ bá kọ orúkọ náà tààrà, ẹ̀ẹ̀kan ló máa wá a, nígbà tó ń dìde, ipv6=off kò sì ní kàn án.

Àdírẹ́sì àlejò

Áàpù gbọ́dọ̀ mọ ẹni tó wọlé, hẹ́dà la sì fi ń sọ fún un:

proxy_set_header Host $host;
proxy_set_header X-Forwarded-For $proxy_add_x_forwarded_for;
proxy_set_header X-Forwarded-Proto $scheme;

nginx ti parí tirẹ̀. Áàpù ló kù tí ẹ máa yẹ̀ wò, àyè méjì sì ni. Èkíní ni kóòdù tó ń gé àdírẹ́sì níbi kólóònù láti yọ póòtù kúrò. Tó bá gé 2001:db8:5:9::7, 2001 ló máa ṣẹ́ kù, gbogbo àlejò tí àdírẹ́sì wọn bẹ̀rẹ̀ bẹ́ẹ̀ á sì jọ ẹnì kan ṣoṣo. Èkejì ni dátábéèsì. Lẹ́tà 15 ni IPv4 tó gùn jù, ọ̀pọ̀ ló sì dá àyè bẹ́ẹ̀ sílẹ̀. IPv6 lè dé 39, èyí tó wọ aṣọ IPv4 mọ́ra lè dé 45. Ẹ fún un ní 45, tàbí kí ẹ lo irú inet tí ó bá jẹ́ PostgreSQL.

Ẹ wá wo limit_req, àṣẹ tó ń dín iye ìgbà tí àlejò kan lè béèrè nǹkan kù. Gbogbo ìtọ́nisọ́nà ló ń fi $binary_remote_addr ṣe kọ́kọ́rọ́ rẹ̀, ó sì dára fún IPv4. Lórí IPv6, oníbàárà kan sábà máa ń ní /64 odindi, ìyẹn gbogbo àdírẹ́sì tí bit 64 àkọ́kọ́ wọn jẹ́ ọ̀kan náà, àdírẹ́sì tó wà nínú rẹ̀ sì jẹ́ 2^64. Ẹni tó bá fẹ́ da sáìtì yín láàmú á máa pààrọ̀ àdírẹ́sì bí ẹni ń pààrọ̀ fìlà, òfin yín kò ní bà á. Gbogbo /64 ló yẹ kí ẹ kà sí ẹnì kan. nginx kò ní àṣẹ tó ń ṣe èyí, map lẹ máa fi dọ́gbọ́n sí i:

map $remote_addr $alejo {
    "~^(?<v6>[0-9a-f]+:[0-9a-f]+:[0-9a-f]+:[0-9a-f]+):" $v6;
    default $binary_remote_addr;
}
limit_req_zone $alejo zone=enu:10m rate=10r/s;

Ó ń mú apá mẹ́rin àkọ́kọ́ àdírẹ́sì, ó sì ń fi IPv4 sílẹ̀ bó ṣe wà. Àdírẹ́sì tí :: bá ti bọ́ sí àárín apá mẹ́rin yẹn, bíi 2001:db8:1::5, á bọ́ sí default, wọn á kà á lọ́tọ̀. Ó tó lò, àmọ́ ọgbọ́n àdá ni. HAProxy, aṣọ́nà mìíràn bíi nginx, ṣe èyí dáadáa jù ú lọ: src,ipmask(32,64) nìkan lẹ máa kọ, á fi IPv4 sílẹ̀ lódindi, á sì gé IPv6 sí /64, láìsí àyọkúrò kankan. Tó bá jẹ́ pé ìdínà lòdì sí ìkọlù ni olórí iṣẹ́ ẹnu ọ̀nà yín, òun ni kí ẹ mú. Ẹ kàn má gbàgbé pé resolve-prefer rẹ̀, tó ń yan irú àdírẹ́sì tó máa kọ́kọ́ lò, ń fẹ́ ipv6 tí ẹ kò bá kọ nǹkan kan síbẹ̀.

Caddy, aṣọ́nà mìíràn, náà yẹ fún orúkọ rere. Láìsí àṣẹ kankan, á gbọ́ lórí méjèèjì, á lọ gba ìwé-ẹ̀rí fúnra rẹ̀, tó bá sì ń wá áàpù ẹ̀yìn tí ọ̀nà IPv6 rẹ̀ ń fà, 300 ìdá-ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú-àáyá ló máa fi dúró kó tó gbìyànjú IPv4. Àṣìṣe shop àti blog yẹn kò lè wáyé níbẹ̀ àyàfi tí ẹ bá fọwọ́ ara yín fà á. Fún ẹni tó ní sáìtì méjì tàbí mẹ́ta, a ò ní bá a jiyàn tó bá yan Caddy.

Fáyáwọ́ọ̀lù

Òfin iptables, fáyáwọ́ọ̀lù Linux, kò kan IPv6 rárá. Ip6tables ló ni ín. Ẹni tó bá ti tì IPv4 pa dáadáa tó wá ṣí IPv6 lè ti fi póòtù dátábéèsì sílẹ̀ gbayawu. Tábìlì inet nínú nftables ń mú méjèèjì pọ̀, ìyẹn la fẹ́ kí ẹ lò. Kí ẹ má sì dí ICMPv6 pa, òun ni àwọn ẹ̀rọ IPv6 fi ń kìlọ̀ fún ara wọn. Nínú IPv6, ẹ̀rọ ojú ọ̀nà kì í gé páákẹ́ẹ̀tì sí wẹ́wẹ́. Tó bá tóbi jù, á dá a padà pẹ̀lú ìkìlọ̀ Packet Too Big, irú 2. Bí ìkìlọ̀ yẹn kò bá dé ọ̀dọ̀ sáfà, ìsopọ̀ á ṣí, ìwé-ẹ̀rí tó tóbi kò ní kọjá, ojú-ìwé á sì máa yí láìdé. curl á dúró lẹ́yìn Client hello, kò ní sọ ohunkóhun mọ́.

Tí nginx bá wà nínú Docker, tó ń fi áàpù sínú àpótí tirẹ̀, ẹ wo àkọsílẹ̀ rẹ̀. Bí gbogbo àlejò IPv6 bá ń jẹ́ 172.17.0.1, nẹ́tíwọ́ọ̀kì inú Docker kò ní IPv6 nìyẹn, docker-proxy ló ń gbé wọn wọlé tó sì ń pa orúkọ wọn rẹ́. Gbogbo òfin ìdínà yín á wá ka wọ́n sí ẹnì kan.

Kí AAAA tó jáde

Ẹ kọ́kọ́ wo ilẹ̀kùn pẹ̀lú ss -tln. 0.0.0.0:443 àti [::]:443 ló yẹ kí ẹ rí. Tó bá jẹ́ *:443, ẹnì kan ti pa ipv6only. Lẹ́yìn náà, láti ẹ̀rọ mìíràn tó ní IPv6, ẹ lè yẹ sáìtì wò láì tíì fọwọ́ kan DNS:

curl -v --resolve 'shop.example:443:[2001:db8::10]' https://shop.example/

Ẹ ṣe é fún sáìtì kọ̀ọ̀kan, kí ẹ wo orúkọ tó wà nínú ìwé-ẹ̀rí, kí ẹ sì fi wé ti curl -4. Tí wọ́n bá bára mu, ẹ gbé AAAA síta pẹ̀lú TTL 300 (iye ìṣẹ́jú-àáyá tí DNS fi ń rántí rẹ̀), ẹ fi bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan, kí ìṣẹ́jú márùn-ún lè tó láti yọ ọ́ kúrò tí ọ̀nà bá dí.